Agbe Tó Ń Ráhùn Aró

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà mí nínú láti àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, oorun kò ní kùn mí dáadáa. Mo ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, mo tan rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ètò tí àwọn ará ìlú máa ń pè sí ni. Wọ́n ń jíròrò ìdí tí ilẹ̀ wa kò fi ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Arákùnrin kan pè láti Mọ́níyà. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn, pé ó fún àwa ní ilẹ̀ ọlọ́ràá àti òjò, ó fún òyìnbó ní òtútù àti ọpọlọ. Ó ní òtútù ló lé wọn wọlé tí wọ́n fi jókòó ronú, àti pé oòrùn tiwa kò lè jẹ́ kéèyàn ronú jinlẹ̀. Atọ́kùn ètò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sórí ẹlòmíràn.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìlú Ìbàdàn yìí. Ohùn arákùnrin náà jọ ti ọmọ tí mo lè ti kọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ aláró ni mí, ohun tó sọ sì kan ìyá tó bí mi.

Bí ẹ bá wọ agboolé wa ní Kúdẹtì ní nǹkan bí 1966, ẹ ó ti gbọ́ òórùn kí ẹ tó rí ẹnikẹ́ni. Òórùn ìkòkò aró ni. Ìyá mi a to ìkòkò méjì léra, ti òkè ní ihò nídìí. Inú ti òkè ló máa ń da eérú sí, a wá rọra máa bu omi lé e, omi náà a máa kán tó, tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀, a pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìyá mi á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á dijú díẹ̀. Á ní, “Ó kù díẹ̀.” Tàbí kó ní, “Ó ti tó.” Inú omi eérú yẹn ni ẹ̀lú, ìyẹn ewé tí aró ń ti ara rẹ̀ jáde, ń lọ, ẹ̀lú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti ṣù, tí wọ́n sì ti sá títí ó fi gbẹ. Wọ́n á dé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìyá mi á máa ṣí i wò, á máa rò ó, á máa gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Nígbà tí ìkòkò bá ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, aṣọ náà ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yàwòrán sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún àti álọ́ọ̀mù sè. Ìbàdàndùn ni ọwọ́ rẹ̀ dá sí jù, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ. Aṣọ tó ń jáde nínú aró kì í dúdú o. Ó máa ń jáde bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bíi pé wọ́n fi aró ẹlòmíràn rẹ ẹ́. Ìyá mi á gbé e sókè, omi á máa ro lára rẹ̀, lójú mi báyìí ni àwọ̀ ewé yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣú láti etí aṣọ wọ àárín. Mo máa ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. N kò tíì ní ka ọgọ́ta tán tí gbogbo rẹ̀ á ti di aró. Mo bi ìyá mi léèrè pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ló mú un.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo tó mọ bí ó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ohun tó ń jẹ́ aró gan-an kì í yòrò nínú omi. Inú ìkòkò tí wọ́n dé yẹn, ẹ̀lú tó ń kan ń lo ọ́síjìn inú omi tán, ó sì ń fi háídírójìn kún aró lára, omi eérú sì ń jẹ́ kó yòrò. Bó ti yòrò tán, kò ní àwọ̀ dúdú mọ́. Ìgbà yẹn ló lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá wá gbé aṣọ síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á gba háídírójìn yẹn kúrò lára rẹ̀, aró á tún di ohun tí kì í yòrò, inú òwú níbẹ̀ ló sì máa há sí. Ìdí nìyẹn tí aró kì í fi í ṣí bọ̀rọ̀. Ìyá mi kò kàwé. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń wọn omi eérú, imú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá ọ́síjìn ti kúrò. Ẹni tó bá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní ọpọlọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aró yìí kan náà ní ilẹ̀ olótùútù.

Ẹ̀lú kì í hù ní Jámánì. Ewé kan wà lọ́dọ̀ wọn láyé àtijọ́ tó ń fún wọn ní aró tí kò nípọn, ṣùgbọ́n nígbà tí aró Íńdíà dé ọjà wọn, ó lé ti ilé lọ. Nígbà tó wá di nǹkan bí 1880, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Adolf von Baeyer rí bí wọ́n ṣe lè ṣe aró láìsí ewé rárá nínú láàbù rẹ̀. Ní 1883 ó sọ bí àwọn èròjà inú aró ṣe so kọ́ra wọn. Ti láàbù wọ́n jù fún ọjà, ni ilé iṣẹ́ BASF tó wà ní Ludwigshafen létí odò Rhine bá dúró tì í. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà kí wọ́n tó lè gbé aró náà dé ọjà ní 1897. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o: náfítálíìnì, ìyẹn kànfọ́ tí à ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Inú ọ̀dà tó ń ṣẹ́ kù lára èédú ni wọ́n ti ń fa kànfọ́ yẹn yọ.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí mo máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì mi. Ìgbésẹ̀ kan kò yá wọn rárá, ó ń ná wọn lówó. Ní ọjọ́ kan, Eugen Sapper, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ilé iṣẹ́ náà, ń se kànfọ́ pẹ̀lú ásíìdì líle, tẹ̀mómítà bá fọ́ sínú rẹ̀. Mẹ́kúrì inú tẹ̀mómítà dà sínú ìkòkò. Iṣẹ́ tí kì í yá bá bẹ̀rẹ̀ sí yá. Tẹ̀mómítà ti fọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi náà rí, a sì bá a wí. Ẹni tí ti Jámánì fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó máa rí, ó sì mọ̀ pé ohun tó ń rí yàtọ̀. Ojú tó mọ ìyàtọ̀ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ló là á.

Ilé ẹ̀kọ́ wo? Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí arákùnrin Mọ́níyà gbọ́. Ní 1824 wọ́n fi ọmọ ọdún 21 kan, Justus Liebig, ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Giessen. Ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ ológun tí àwọn sójà ti kó kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n fún un. Ibẹ̀ ló sọ di láàbù, ó sì ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà: ó fi ohun èlò lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe àwọn tó jókòó máa wo ọ̀gá lókèèrè. Olúkúlùkù ń sun ohun tirẹ̀, ń wọn tirẹ̀, ń jíhìn tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, ó gbọ́ ẹ̀kọ́ Liebig, ó fi ilé yíyà sílẹ̀. Kekulé lorúkọ rẹ̀. Láàbù Kekulé ni Baeyer ti kọ́ṣẹ́. Baeyer ló ṣe aró. Ẹ ò rí i pé bí a ṣe ń tò ó, bí ìgbà tí ìyá ń fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ ni, àfi pé ẹnu ọ̀nà tiwọn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èédú tí Jámánì ní ló ṣe é, kí ó wo Gẹ̀ẹ́sì. Èédú pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí òkun sì ni wọ́n ti ń wà á, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e láti Newcastle lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó pọ̀ jù láyé. Íńdíà tó ń gbin aró wà lábẹ́ wọn. Kódà ọmọ wọn ló kọ́kọ́ fi ọ̀dà èédú ṣe àwọ̀ aṣọ: William Perkin, ọmọ ọdún 18, ní 1856. Kúínìnì ló ń wá, oògùn ibà tó ń pa òyìnbó lọ́dọ̀ wa níbí, ló bá rí àwọ̀ àlùkò. Olùkọ́ tó kọ́ ọmọ yìí, ọmọ Jámánì ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Liebig. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní nílẹ̀ yẹn, kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe láyé ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ aró ní Íńdíà rí bí ọjà wọn ṣe wó lójú ara wọn.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ìyá mi máa ń rán mi lọ sí Gbági láti ra aró òyìnbó, lúbúlúbú inú agolo, àti sóódà. Kò ní láti dúró de eérú mọ́, kò ní láti dúró de ẹ̀lú. N kò bú ìyá mi. Owó ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń wá, agolo sì yá. Àwọn aláró Abẹ́òkúta ti bá ara wọn àti ààfin fa ọ̀ràn sóódà àti aró òyìnbó yìí ní àwọn ọdún 1930, kí wọ́n tó bí mi rárá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Èmi fi ojú ara mi rí agbe tó fi ẹ̀lú sílẹ̀ lóko, tó di owó sétí aṣọ, tó lọ ra aró lọ́wọ́ ẹni tí kò ní igi ẹ̀lú kan ṣoṣo.

Kí ló fà á tí ọgbọ́n ìyá mi fi dúró síbi tó dúró sí? Mo ti rò ó títí. Ìyá rẹ̀ kò sọ ìwọ̀n fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìkòkò kan bá bàjẹ́, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á dà á nù, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní èròjà dígí wọn kò jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá, kò jọ ti òyìnbó, pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá a rí. Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú wa lónìí? Ó dùn mí dọ́kàn. Ohun tó wà ní Giessen tí kò sí ní Kúdẹtì ni ibi tí èèyàn ti lè béèrè ìbéèrè kejì, kó sì fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

N kò sọ pé ilẹ̀ kò já mọ́ nǹkan o. Ará Ìbàdàn kan kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú wa, Ẹ̀bá Ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni: ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn, tí ará oko igbó àti ará òkè ti ń pàdé ná ọjà. Nítorí ibi tó wà ni rélùwéè láti Èkó ṣe dé ibí ní 1901. Nítorí ilẹ̀ yíká rẹ̀ ni kòkó ṣe gbà á. Kòkó yẹn ló sì rán èmi nílé ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, owó kòkó àti owó orí ló wà nídìí rẹ̀. Mo wọ ilé ìwé ní 1964, ọmọ aláró tí bàbá rẹ̀ ti kú. Wọn kò gba kọ́bọ̀ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìyá mi. Ní ọdún kejì ni wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dúgbẹ̀, àjà 26, a máa ń dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà kà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀ títí di òní, ohun tí mo máa ń rò ni pé ìgbà kan wà tí a mọ bí a ṣe ń sọ ilẹ̀ di ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n a dúró lágbedeméjì. A ń kó èso kòkó lọ. Ará Amsterdam kan, Van Houten, ló gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fún òróró kòkó ní 1828. Daniel Peter ló fi mílíìkì sí ṣokoléètì ní Vevey ní Switzerland ní 1875, orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun, tí igi kòkó kankan kò lè hù níbẹ̀.

Ní ti oòrùn tí arákùnrin Mọ́níyà ní kò jẹ́ kí a ronú, Singapore súnmọ́ agbedeméjì ayé ju Ìbàdàn lọ. Oòrùn ibẹ̀ kò sinmi, ooru ibẹ̀ kò dẹwọ́. Kò sí èédú níbẹ̀, kò sí irin, kò sí oko. Omi mímu pàápàá, inú páìpù ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Malaysia. Ọdún 1965 ni wọ́n dá dúró, ọdún tí a parí Ilé Kòkó. Ohun tí wọ́n ní ni èbúté àti ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kọ́ ọmọ ènìyàn náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì bí ẹni pé ẹ̀mí wọn wà nínú rẹ̀. Àwa ní èédú ní Enúgu láti 1909 tí wọ́n ti rí i. A ní òkúta irin ní Ìtakpè. A bẹ̀rẹ̀ Àjàòkúta ní 1979, ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì yọ́ òkúta kankan.

Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sínú ìwé ìròyìn yín: láàbù ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn.

Ní ọdún 2015, ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìntì. Ọmọ 68 ló wà ní SS3 tí mo ń kọ́. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Búrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, tó ní nọ́ńbà lára, tí a fi ń wọn ásíìdì, mẹ́rin péré ló kù nínú láàbù, ọ̀kan ti kán lẹ́nu. Ẹ̀rọ omi tó wà lórí tábìlì ti gbẹ láti ìgbà tí n kò tíì dé ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń pọn omi láti kànga. Kọ́kọ́rọ́ láàbù kì í kúrò ní ọ́fíìsì, ìgbà tí WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, kí àwọn ọmọ lè wá ṣe practical lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Lọ́jọ́ kan mo ń ya búrẹ́ẹ̀tì sójú pátákó, mo yà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Mà, ṣé ó ga tó mi ni?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà kò rí búrẹ́ẹ̀tì rí ni. Ó ku oṣù márùn-ún kó ṣe ìdánwò. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, n kò lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé ìkòkò ìyá mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo wá ẹ̀lú dé Ọjà Ọba, mo rí díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan. A fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é lẹ́yìn kíláàsì, a ń fi pépà tó ń dá ásíìdì mọ̀ yẹ omi eérú wò níbi tí ìyá mi ti máa ń fi ahọ́n kàn án. Mo gé aṣọ funfun fún olúkúlùkù. Nígbà tí wọ́n fà á jáde tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ariwo sọ. Nígbà tó wá ń ṣú lójú wọn, gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti tẹ́ẹ̀mù kìíní ló wá ní, “Mà, tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń mú un, tí a bá fi sí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ńkọ́?” Mo ní kó lọ dán an wò. Ó fa aṣọ kan jáde, ó yára ti ìdajì rẹ̀ bọ inú ọ̀rá, ó fún afẹ́fẹ́ jáde, ó so ó pinpin. Ìdajì tó wà níta di aró. Inú ọ̀rá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Olóòtú, ìbéèrè tí wọ́n fi ń kọ́ ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń fi oru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń fa omi nínú ihò èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Newcomen ṣe ní 1712, ń jẹ èédú ní ìjẹkújẹ fún àádọ́ta ọdún. Yunifásítì Glasgow ní kékeré rẹ̀ kan tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó bàjẹ́, wọ́n gbé e fún James Watt, tó ń tún irinṣẹ́ ṣe fún wọn, ní 1763. Níbi tó ti ń tún ohun ìkọ́ni yẹn ṣe ló ti béèrè ibi tí ooru ń gbà lọ, ìdáhùn tó rí sí i ni gbogbo ilé iṣẹ́ ayé fi ń yí lẹ́yìn náà. Ká ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà ní ọ́fíìsì ńkọ́?

Mo pàdé ọmọkùnrin tó ti aṣọ bọ inú ọ̀rá yẹn ní Gate lọ́dún tó kọjá. Ó ń kọ́ṣẹ́ rewáyà ọkọ̀. Ìṣirò ni kò gbè é ní WAEC, kò sì sówó láti tún un ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ̀dà ọkọ̀, mo ní kó dìde, aṣọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí irin orí bátìrì fi ń hu ohun funfun, tí ọ̀gá òun kàn ní kí òun máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. A dúró níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn tó wá gbọ́. Ní Jámánì, ọmọ iṣẹ́ ń lo ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé ẹ̀kọ́, òfin ló wà nídìí rẹ̀. Kí ló dé tí láàbù ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní ìtòsí Gate kò lè ṣí ní ọ̀sán Sátidé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí? Yorùbá ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀ bátìrì, ó sì yé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà kì í gbẹ́yìn. Japan gba olùkọ́ láti òkè òkun nígbà tí wọ́n tún ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣe ní 1872, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn ní èdè tiwọn.

Ó tún ku ohun kan tó ń bí mi nínú. Kò sí ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tí ilé ìwádìí pọ̀ yí ká bíi tiwa. Yunifásítì wà níbí láti 1948. Ilé ìwádìí igbó wà ní Jẹ́ríkò. Ti kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Arákùnrin tó pè láti Mọ́níyà, ìtòsí rẹ̀ ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà láti 1967, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀gẹ́ tí àrùn tó ń sọ ewé di kíkó kò lè tètè mú. Inú oòrùn tiwa yìí ni wọ́n ti ronú ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 31, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí bọ́ọ̀sì gbà láti kó àwọn ọmọ mi lọ wo ọ̀kankan nínú wọn, owó mi ni mo sì fi ra epo sí i nígbà kejì. Àwọn ọmọ tó ń gba iwájú géètì kọjá lójoojúmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n ka búrẹ́ẹ̀tì tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ń ka àga, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ omi inú láàbù ṣe kí wọ́n tó kun géètì. Mo bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń kọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ńlá sí ilé ẹ̀kọ́ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ wọ láàbù, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ̀rọ omi wò.

Ìkòkò ìyá mi méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Kúdẹtì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin òdòdó sí i. Àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ ti ń bá mi wá ẹ̀lú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama èyíkéyìí ní Ìbàdàn tó bá fẹ́ kí n wá fi ìkòkò yìí kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ yín. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ráyè. N kò ní gba owó, èmi ni n ó sì wọ ọkọ̀ fúnra mi. Kí wọ́n ṣáà ti ṣí láàbù sílẹ̀, kí wọ́n pọn omi dè mí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó ti fẹ̀yìntì,
Kúdẹtì, Ìbàdàn.